Kí Ni À Ń Sáré Lé?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun, ṣùgbọ́n ó ń da ilé rú láàárín wa ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ọ̀rọ̀ náà ni èyí: kí ni à ń sáré lé nínú ayé yìí, ta ni ó sì ní kí á máa sá eré náà?

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ rántí bí a ṣe dé ibi tí a wà. Ọkọ̀ ojú irin dé Màídúgùrí ní ọdún 1964, ọ̀nà sì tún là sí i fún àwọn ènìyàn wa. Nígbà tí a dá Yunifásítì Màídúgùrí sílẹ̀ ní ọdún 1975, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀lé oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́. Kò sí ẹni tí ó ti Ọ̀fà, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìjẹ̀bú tàbí Èkìtì rìn dé etí aṣálẹ̀ láìní ohun tí ó ń wá. Oúnjẹ òòjọ́ ni a wá, owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ ni a wá, orúkọ ni a sì wá pẹ̀lú. Kò sí ohun ìtìjú nínú ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ẹnìkan nínú wa bá darí sílé fún ọdún Kérésìmesì tàbí fún ìsìnkú òbí. Kí ó tó mu omi tán, wọn a ti bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n. Nígbà kan rí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n fi ń wọn ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wọ̀n ọ́n. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń béèrè bóyá ọmọ rẹ̀ di dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà. Ní òde òní, wọ́n ń béèrè pé èwo nínú àwọn ọmọ rẹ ni ó ti rékọjá sí òkè òkun? Ẹ kíyè sí i pé òṣùwọ̀n náà ń yí padà láti ìran dé ìran, ṣùgbọ́n ìdààmú tí ó ń kó bá ọkàn kò yí padà. Ẹni tí ó bá fi òṣùwọ̀n ẹlòmíràn wọn ayé ara rẹ̀ kì í pé láéláé.

Nítorí ọ̀ràn yìí ni àwọn òbí ṣe máa ń wá bá wa. Wọn a ní, Fàdá, ẹ bá wa bá ọmọ yìí sọ̀rọ̀. Ọmọbìnrin kan ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì tán, ìwé ìrìnnà ti ń bọ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun yóò dúró nínú ilé ìwòsàn kékeré tí ó ń tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò ní abúlé wọn. Ọmọkùnrin mìíràn gba máàkì tí ó tó láti fi kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ni ó wù ú. Òbí a máa sunkún, a kì í sì í fi ẹkún wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí iná Monday Market ti oṣù kejì ọdún 2023 jó ọjà rẹ̀ di eérú mọ bí òṣì ti ń korò lẹ́nu. Kò fẹ́ kí ọmọ òun tọ́ ọ wò. Ìfẹ́ ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ pàápàá nílò ìmọ́lẹ̀, kí ó má baà di ẹrù sí ọmọ lọ́rùn.

Ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò sọ pé àṣeyọrí jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ìjọ Àgùdà kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn káàkiri ilẹ̀ yìí. Bí kò bá sí ẹni tí ó kàwé dójú àmì, ta ni yóò máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀? Ohun tí à ń sọ ni pé ẹṣin ni àṣeyọrí. Ó dára kí ènìyàn gun ẹṣin, pàápàá ní ilẹ̀ Borno tí wọ́n ti mọ iyì ẹṣin. Ṣùgbọ́n bí ẹṣin bá wá ń gun ènìyàn, gbogbo ará ìlú ni yóò rí i pé nǹkan ti dàrú.

A fẹ́ mú àpẹẹrẹ kan wá láti ìtòsí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ìtàn àwọn ènìyàn mímọ́ ti ìgbà àtijọ́ nìkan ni a mọ̀. Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé Mùsùlùmí ni ẹni tí a yàn. Ìgbìmọ̀ Fatikánì Kejì ti kọ́ wa nínú ìwé Nostra Aetate ti ọdún 1965 pé kí á bu ọlá fún òtítọ́ àti ìwà mímọ́ níbikíbi tí a bá ti bá wọn pàdé. Àwa tí a jọ ń gbé ìlú yìí sì mọ̀ pé oore kì í béèrè ẹ̀sìn kí ó tó yà sí ilé ẹni.

Orúkọ ọkùnrin náà ni Zannah Mustapha. Lọ́yà ni ní Màídúgùrí. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún igbá-kejì gómìnà Borno tí orúkọ wọn jọra, èyí tí ó di olóògbé ní ọdún 2015. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí iṣẹ́ lọ́yà jẹ́ lójú àwa Yorùbá: bí ọmọ bá di lọ́yà, ìdílé ti dé ibi tí ó ń lọ nìyẹn, ó ku kí wọ́n pe onílù. Ọkùnrin yìí ti dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo àyíká rẹ̀, ó rí àwọn ọmọ òrukàn tí kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kankan, tí wọ́n ń rìn kiri ìgboro. Àwọn àgbà wa ní, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó wà lọ́jà nígbà náà. Òun ni ó na ọwọ́.

Ní ọdún 2007, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ tí ó pè ní Future Prowess. Àwọn ọmọ òrukàn 36 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Wọn kò san owó ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n ń jẹun níbẹ̀, wọ́n ń gba aṣọ àti ìtọ́jú ìlera níbẹ̀. Wọ́n ń kọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn Ìsìláámù, wọ́n sì ń kọ́ ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì lábẹ́ òrùlé kan náà. Ẹ rò ó wò: ọmọ 36 péré, nínú ìlú tí ó kún fún ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ tí ìyà ń jẹ. Ẹni tí ó ń fi òṣùwọ̀n ayé wọ̀n ọ́n yóò ní, kí ni èyí yóò tún ṣe?

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù keje ọdún 2009, ogun Boko Haram bẹ́ sílẹ̀ ní Màídúgùrí. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò nílò kí á tún ròyìn rẹ̀. Orúkọ tí ayé fi ń pe àwọn ọmọ ogun náà gan-an fi ẹ̀kọ́ ìwé ṣe èèwọ̀, ẹni tí ó mú ṣọ́ọ̀kì dání níwájú ọmọdé sì di ẹni tí a ń ṣọdẹ. Ní ọdún 2017, UNICEF kéde pé láti ọdún 2009, ó ju olùkọ́ 2,295 lọ tí wọ́n ti pa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa, àti pé ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bàjẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1,400. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí iye àwọn olùkọ́ náà. Olùkọ́, ẹni tí à ń sọ pé èrè rẹ̀ ń bẹ lọ́run! Ìṣẹ́ tí a fi ojú kékeré wò ni àwọn ènìyàn wọ̀nyí kú sí.

Nínú ìjì yẹn, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ti ilẹ̀kùn, Future Prowess kò ti tirẹ̀. Ohun mìíràn sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo onígbàgbọ́ fi sọ́kàn. Ọmọ sójà tí ó kú sójú ogun wà níbẹ̀. Ọmọ ajagun Boko Haram tí àwọn sójà pa wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn méjèèjì jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà, wọ́n jọ ń jẹ oúnjẹ kan náà. Ọmọ Kristẹni wà níbẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀. Lọ́yà yìí kò béèrè ẹ̀ṣẹ̀ baba lọ́wọ́ ọmọ. Ó mọ̀ pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà, ìbáà ṣe ọmọ ọ̀rẹ́ tàbí ọmọ ọ̀tá. Ó sì tún kó àwọn ìyá wọn, àwọn opó, jọ sínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, kí wọ́n lè rí ìdí iṣẹ́ jókòó sí. Ní ọdún 2016, ó ṣí ilé-ẹ̀kọ́ kejì fún àwọn ọmọ tí ogun lé kúrò nílé. Nígbà tí yóò fi di ọdún 2017, àwọn ọmọ náà ti ju 500 lọ.

Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ bí Ọlọ́run ti ń lo ohun tí ó dà bí ẹni pé kò já mọ́ nǹkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, a jí àwọn ọmọbìnrin 276 gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ ní Chibok. Gbogbo ayé pariwo. Àwọn alágbára ayé sọ̀rọ̀, wọ́n ṣe ìlérí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tó àkókò láti wá ẹni tí yóò wọ inú igbó lọ bá àwọn ajagun sọ̀rọ̀, ta ni wọn yóò gbẹ́kẹ̀ lé? Lọ́yà tí ó ń bọ́ àwọn ọmọ òrukàn wọn ni. Òun pẹ̀lú ìjọba Switzerland àti àjọ Red Cross wà nínú ìlàjà náà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2016, àwọn ọmọbìnrin 21 gba ìdáǹdè. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2017, àwọn 82 mìíràn tẹ̀lé wọn. A kò gbàgbé àwọn tí kò tíì padà, a kò sì gbọ́dọ̀ dákẹ́ àdúrà lórí wọn. Ṣùgbọ́n bí ọkùnrin yìí bá ti lo gbogbo ọdún wọ̀nyẹn láti máa wá ẹjọ́ olówó kiri, kì bá tí ní ohun tí ó fi mú kí apá méjèèjì lè fọkàn tán an.

Ní ọdún 2017 kan náà, àjọ àgbáyé tí ó ń bójú tó àwọn asásàálà fi ẹ̀bùn Nansen dá a lọ́lá. Ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ̀bùn náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ fún wa. Fridtjof Nansen jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Norway tí ó fi ẹsẹ̀ la yìnyín Greenland kọjá ní ọdún 1888, tí òkìkí rẹ̀ sì kan gbogbo ayé nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́. Ó lè jókòó ti òkìkí náà títí di ọjọ́ ikú. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1921, nígbà tí ó ń lọ sí ẹni ọgọ́ta ọdún, ó gbà láti máa wá ilé fún àwọn tí ogun sọ di aláìnílé. Ìdí èyí ni pé kò sí ọjọ́ orí tí ó pẹ́ jù fún ènìyàn láti tún ọ̀nà rẹ̀ yàn.

Kí ni a rí kọ́ nínú ìtàn lọ́yà yìí? Èkínní, kò ju ìmọ̀ rẹ̀ nù. Ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ òfin ni ó mọ bí a ti ń jókòó láàárín ẹni méjì tí ń jà. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ó ń lò ó fún. Èkejì, ó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó. Kò dúró de ìgbà tí ìjọba yóò fún un ní ilẹ̀ tàbí tí òyìnbó yóò fún un ní owó. Ẹ̀kẹta, ọdún mẹ́wàá ni ó fi ṣiṣẹ́ náà kí ẹ̀bùn ńlá yẹn tó dé, ìgbàkigbà ni ikú sì lè dé ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe rere nítorí àtẹ́wọ́ kò lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní ti Kánúrí nìyẹn, kì í ṣe ti wa, ẹ jẹ́ kí á rán ara wa létí bí ẹ̀sìn Àgùdà ṣe fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Èkó. Kí àlùfáà tó fi Èkó ṣe ibùgbé ní ọdún 1868, àwọn ọmọ wa tí ó ti oko ẹrú Brazil padà dé ti ń pé jọ fún àdúrà. Ẹni tí ó ń kó wọn jọ ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio. Wọn kò fi oyè àlùfáà jẹ ẹ́, ẹrú tí ó gba òmìnira ni. Ó ń ṣe ìrìbọmi fún ọmọ, ó ń gbàdúrà lórí ẹni tí ń kú lọ, ó ń sin òkú. Nígbà tí Fàdá Borghero bẹ Èkó wò ní ọdún 1863, ìjọ ni ó bá níbẹ̀, kì í ṣe aṣálẹ̀. A kò gbọ́ pé ọkùnrin yìí fi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sílẹ̀. Àwa tí à ń gba Ara Olúwa lónìí ni ogún tí ó fi sílẹ̀.

Ìhìnrere Máàkù Mímọ́, orí kẹwàá, sọ ìtàn ẹni méjì tí ó bá Jésù pàdé ní ojú ọ̀nà. Olówó ni ọ̀kan. Ó ti pa òfin mọ́ láti kékeré, ó ní ohun ìní. Gbogbo ìyá ni ì bá fẹ́ kí ọmọ òun dà bíi rẹ̀. Jésù wò ó, ó sì fẹ́ràn rẹ̀, ó pè é kí ó máa tẹ̀ lé òun. Ṣùgbọ́n ó fajú ro, ó padà lọ. Ẹnì kejì ni afọ́jú alágbe kan tí ó jókòó ní ẹ̀bá ọ̀nà Jẹ́ríkò. Nígbà tí Jésù pè é, ó ju aṣọ ìbora rẹ̀ sílẹ̀, ó fò dìde, ó sì tẹ̀ lé e. Ẹ kíyè sí ohun kan: Máàkù sọ orúkọ alágbe náà fún wa, Bátíméù ni. Kò sọ orúkọ olówó náà. Ẹni tí ayé mọ̀ dáadáa ni Ìhìnrere fi sílẹ̀ láìlórúkọ, ẹni tí àwọn èrò ń bá wí pé kí ó pa ẹnu mọ́ sì ni a ń dárúkọ títí di òní.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, Fàdá, ó rọrùn fún yín láti sọ bẹ́ẹ̀, ẹ kò ní ọmọ tí ẹ ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún. Ìbéèrè náà tọ́. Ìdáhùn wa ni pé Ọlọ́run kò pe ẹnikẹ́ni láti jẹ́ kí ẹbí òun kú fún ebi. Òfin kẹrin pa á láṣẹ pé kí á bọ̀wọ̀ fún baba àti ìyá wa, ìtọ́jú wọn ní ọjọ́ ogbó sì wà nínú ọ̀wọ̀ náà. Ọ̀dọ́ tí ó ní òun gbọ́ ìpè Ọlọ́run, ṣùgbọ́n tí ó fi òbí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìyà láìbojúwẹ̀yìn, kí ó tún etí rẹ̀ gbọ́ dáadáa. Bákan náà ni a kò dá àwọn tí ó rékọjá òkun lẹ́bi. Àwa fúnra wa kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ níbi tí à ń gbé. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní London lè jẹ́ ọwọ́ Kristi fún arúgbó tí kò ní ẹbí nítòsí. Ẹni tí ó wà ní Màídúgùrí sì lè jẹ́ olójúkòkòrò. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ọkàn ń sáré lé.

Báwo wá ni ẹni tí ó wà ní oríta yóò ṣe mọ ọ̀nà tí yóò gbà? Kí ó dákẹ́ níwájú Olúwa nínú Sákrámẹ́ǹtì Mímọ́, kí ó sì bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́ta. Bí ará ilé kò bá ní gbọ́ nípa iṣẹ́ yìí láéláé, ṣé n óò ṣì fẹ́ ṣe é? Bí mo bá fi í sílẹ̀, ta ni yóò pàdánù, yàtọ̀ sí èmi? Bí mo bá wà lórí àkéte ikú, èwo nínú ọ̀nà méjèèjì ni n óò fẹ́ kí n ti gbà? Lẹ́yìn náà, kí ó mú ìdáhùn rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àlùfáà tàbí àgbà tí ó ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run, kí ó sì fi ọdún kan dán ọ̀nà náà wò. Ìpè tòótọ́ kì í bẹ̀rù ìdánwò.

Ẹ̀yin òbí, a bẹ̀ yín, kí ẹ tó bá ọmọ yín jà, ẹ béèrè ohun tí ó rí. Ẹ lè sọ ẹ̀rù yín fún un láìfi ègún halẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá yan ọ̀nà tí kò mú owó púpọ̀ wá, ẹ jẹ́ kí ó mọ̀ pé ìbùkún yín ń bá a lọ. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, nígbà tí ẹ bá ń to àga ọlá ní ibi àpèjọ, ẹ wá àyè fún olùkọ́ tí ó ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, àti fún obìnrin tí ó ń tọ́ ọmọ òrukàn dàgbà. Ohun tí a bá ń bu ọlá fún lójú àwọn ọmọ wa ni wọn yóò máa sáré lé.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, ìdídò Alau ya, omi sì bo apá tí ó pọ̀ nínú Màídúgùrí. Omi gbé ọjà, ó gbé ọkọ̀, ó wọ inú àpótí ìwé ẹ̀rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ogún ọdún kó jọ lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Lẹ́yìn tí omi fà tán, a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni máa sọ nípa ẹni tí ilé rẹ̀ ga jù. Ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún aládùúgbò, ẹni tí ó gbé arúgbó sí ẹ̀yìn, ẹni tí ó se ìkòkò oúnjẹ fún ẹni tí kò mọ̀ rí, orúkọ àwọn wọ̀nyí ni ó wà lẹ́nu ará àdúgbò.

Kí Olúwa fi ọ̀nà hàn olúkúlùkù wa. Kí ó fún àwọn ọ̀dọ́ wa ní ìgboyà, kí ó fún àwọn òbí ní ìfọ̀kànbalẹ̀, kí ó sì fún àwọn àgbà ní ojú tí ń rí ọmọ tí orí rẹ̀ wọ́. Kí Màríà Mímọ́, ìyá tí ó gba ìpè tí kò mọ òpin rẹ̀, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Kí ìbùkún Ọlọ́run Olódùmarè, Baba, àti Ọmọ, àti Ẹ̀mí Mímọ́, sọ̀kalẹ̀ sórí yín, kí ó sì máa bá yín gbé títí láé. Àmín.